Sípíkà márùn-ún àti wúfà fún pálọ̀ wa ní Aṣérò, Abẹ́òkúta: kí ni kí n fi 200,000 náírà rà?

Ọmọ Aṣérò

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ ra home theatre fún bàbá mi, owó tó wà lọ́wọ́ mi ò sì ju 200,000 náírà lọ. Pálọ̀ wa gùn tó mítà márùn-ún, ó fẹ̀ tó mẹ́rin. Táìsì ló wà nílẹ̀, kò sí kápẹ́ẹ̀tì. Tẹlifíṣọ̀n wa jẹ́ íńṣì 43, mo rí i pé wọ́n kọ ARC sí ara ọ̀kan nínú àwọn ihò HDMI rẹ̀.

Fíìmù Yorùbá ni bàbá ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní orin ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, wọn ò gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ. Èmi ní tèmi fẹ́ kí ohùn yí mi ká tí mo bá ń wo fíìmù ogun. Mo rí ọ̀kan ní Kútọ̀, tuntun ni, sípíkà márùn-ún àti wúfà, wọ́n kọ 12,000 W PMPO gàdàgbà sí páálí rẹ̀. Ẹnìkan tún ń ta tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ní Lafẹ́nwá. Èwo ni kí n mú?

Ìyá Ìbejì

Ra soundbar, sípíkà gbọọrọ kan tó máa ń wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èyí tó ní wúfà, kí o sinmi. Wáyà kan péré ló ti ara tèmi lọ sára tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ ò rí nǹkan fà. Àmọ́ n kò ní purọ́ fún ọ, iwájú ni gbogbo ohùn rẹ̀ ti ń wá, kò sí nǹkankan lẹ́yìn.

Atúnrédíò Pánṣẹ́kẹ́

Àbúrò, fi 12,000 W yẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ohùn ṣe ni mò ń ṣe, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó fi owó iṣẹ́ oṣù ra nọ́ńbà ara páálí. Ìwọ náà ṣírò ó wò: sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 amp tó wà lára ògiri yín, ní 230 volt, agbára tó lè gbé jáde kò ju nǹkan bí 3,000 W lọ. Níbo ni 12,000 ti fẹ́ wá? Yí ẹ̀rọ náà sẹ́yìn, ka iye iná tó ń jẹ. Bí wọ́n bá kọ 60 W síbẹ̀, kò lè máa gbé ohùn tó ju 60 W jáde fún ọ títí. Nọ́ńbà ìpolówó lásán ni PMPO; RMS, agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́dúró, ni kí o máa béèrè.

Bó o ṣe yí i sẹ́yìn yẹn, wo àwọn ihò rẹ̀. Bí kò bá ní HDMI ARC (ihò tí ohùn tẹlifíṣọ̀n ń gbà wọ inú ẹ̀rọ) tàbí optical (ihò wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn), tó jẹ́ ihò pupa àti funfun pẹ̀lú Bluetooth nìkan ló ní, ohùn ọ̀nà méjì, ọ̀tún àti òsì, ló ń gbà wọlé. Ohun tí sípíkà iwájú ń sọ náà ni ti ẹ̀yìn á máa tún sọ. Ọkọ̀ òfuurufú inú fíìmù ogun rẹ ò ní ti iwájú gba orí rẹ kọjá lọ sẹ́yìn láé.

Ti bàbá ló ká mi lára jù. Nínú ohùn 5.1, ìyẹn ti sípíkà márùn-ún àti wúfà kan, sípíkà àárín, èyí tó máa ń wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré. Bí fíìmù tí bàbá ń wò bá tiẹ̀ jẹ́ ohùn ọ̀nà méjì, receiver (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, tó sì ń pín in fún àwọn sípíkà) tó ní Dolby Pro Logic II á ṣa ohun tó bára mu ní ọ̀tún àti òsì, á darí rẹ̀ sí àárín, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì sábà máa ń wà. O lè wá fi rìmóòtù gbé àárín nìkan sókè, kí orin dúró síbi tó wà. Ìyá Ìbejì, soundbar yín ò burú o, àmọ́ èyí tí kò bá ní sípíkà àárín tirẹ̀ kò lè ṣe irú èyí fún bàbá.

Tó bá jẹ́ èmi, receiver tòkunbọ̀ tó ní HDMI ARC ni màá rà, pẹ̀lú sípíkà mẹ́ta ti iwájú. Kí ti ẹ̀yìn àti wúfà dúró di ìgbà tówó bá tún wọlé. Àwọn tí wọ́n dì pọ̀ sínú páálí kan, ẹnu wáyà wọn sábà máa ń yàtọ̀, ọ̀pọ̀ sípíkà wọn ò sì ju 3 tàbí 4 ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) lọ, nígbà tó jẹ́ pé 6 sí 8 ohm ni ọ̀pọ̀ receiver ń retí. Tí amplifier inú rẹ̀ bá jóná, sípíkà márààrún di ẹrù.

Ti Lafẹ́nwá yẹn, ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kó o tó sanwó. Bó bá jẹ́ 120V 60Hz, iná wa á jó o, àfi tó o bá ra step-down, ẹ̀rọ tó ń dín volt iná wa kù, tí agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ náà lọ. Bó bá jẹ́ 100-240V, kò sí wàhálà. Rọra fi ìka kan fóòmù tó yí ojú sípíkà ká. Tó bá ń rún, ó ti gbó. Kó o sì ní kí wọ́n tẹ test tone: ariwo á máa ti sípíkà kan bọ́ sí èkejì, wàá mọ èyí tó ti kú.

Ẹ wá kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ o. Táìsì àti ògiri bùlọ́ọ̀kù máa ń da ohùn padà, ọ̀rọ̀ á wá lọ́ mọ́ra. Kọ́tìnì tó nípọn náà dára. Adìrẹ Ìtọ́kú rẹwà lójú fèrèsé, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ó fẹ́lẹ́ jù fún iṣẹ́ yìí.

Ọmọ Aṣérò

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti padà lọ wo ti Kútọ̀, ihò pupa àti funfun ni lóòótọ́. Ó ku ìbéèrè kan: tí mo bá wá ra ti ẹ̀yìn, ibo ni kí n gbé e sí? Àga bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara ti ògiri, wáyà á sì tó mítà mẹ́jọ.

Atúnrédíò Pánṣẹ́kẹ́

Gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ àga, kí wọ́n sún sẹ́yìn etí díẹ̀, kí wọ́n ga ju orí ẹni tó jókòó lọ. Bó o bá lè fa àga kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, á tún dára sí i. Wáyà 1.5 mm tó fún mítà mẹ́jọ, kó ṣáà jẹ́ bàbà pọ́nńbélé. Fi abẹ fá a kó o tó rà: bí inú rẹ̀ bá funfun, álúmíníọ̀mù ni, bàbà ni wọ́n fi bò ó lójú. Kí pupa lọ bá pupa, kí dúdú lọ bá dúdú, ní gbogbo sípíkà. Tí ọ̀kan bá yí padà, béèsì á rọ, wàá rò pé sípíkà ló bàjẹ́.