Lórí "ìmújáde ìwádìí" àti "dókítà agbélé"
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ kọ̀wé ní Yorùbá nípa bí àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ṣe ń ṣèwádìí sí, ó wá dábàá "dókítà agbélé" fún "resident doctor" (dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di àkànṣe) àti "ìmújáde ìwádìí" fún "research productivity" (bí iṣẹ́ ìwádìí ènìyàn ṣe pọ̀ tó). Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Agbélé" ní ìtàn lẹ́yìn lóòótọ́. Nígbà tí William Halsted dá irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, ní 1889, inú ọgbà ilé ìwòsàn ni àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ pe ènìyàn ní agbélé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lónìí, kónílé-ó-gbélé ni yóò sọ sí wọn lọ́kàn. "Ọmọ iṣẹ́" náà kò yẹ wọ́n, torí wọ́n ti gba ìwé àṣẹ ìṣègùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. "Dókítà akọ́ṣẹ́-abẹ" tẹ́ mi lọ́rùn.

"Ìmújáde" gan-an ló ń dùn mí. Ẹrù ti pọ̀ jù lórí "jáde": akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde, ìwé ń jáde, aláìsàn ń jáde ní wọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá gbọ́ "ìmújáde àwọn dókítà", ṣé kì í ṣe iye dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ yege lẹ máa rò? Èyí tó tún burú jù ni pé kò ya iṣẹ́ tó parí sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Dókítà tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò apá kejì ti National Postgraduate Medical College, ilé ẹ̀kọ́ tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé ẹ̀rí àkànṣe ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ kọ àpilẹ̀kọ ìwádìí. Ẹ jẹ́ ká ní ó ń kọ ọ́ lórí àwọn tó fara pa lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dúró ti iṣẹ́ abẹ lóru, ilẹ̀ mọ́, ó tún wọ yàrá fáìlì lọ, ó ń tú bébà tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ orí sínú òmíràn, wọn ò kọ egungun tó kán. Bó bá wá yege tán, tí ìwé náà ń gba eruku lórí pẹpẹ, tí kò dé inú jọ́nà kankan, ṣé ó ti "mú" un "jáde" ni àbí kò tíì mú un jáde?

Àbá tèmi ni "ìléso ìwádìí". A ti mọ igi eléso látinú Bíbélì; èso sì ni ohun tí ẹlòmíràn lè já jẹ. Ó gba iye ìwé tí ènìyàn tẹ̀, ó sì gba ìtọ́kasí, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn mìíràn dárúkọ ìwé náà nínú ìwé tiwọn. Òṣùwọ̀n "h-index" tí onímọ̀ físíìsì Jorge Hirsch gbé kalẹ̀ ní 2005 pa méjèèjì pọ̀: ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 4 ní ìwé 4 tí àwọn mìíràn ti tọ́ka sí ó kéré tán nígbà 4 lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìmújáde" kò lè ru ìtọ́kasí yẹn rárá.

Àwọn kan á ní ó jọ ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Ó jọ ọ́, àmọ́ "ìwádìí" tó tẹ̀ lé e ti là á yé wa.

Ẹni tó bá ní èyí tó dára ju èyí lọ, kó jọ̀ọ́ fi sí ipò rẹ̀ nínú gbólóhùn yìí ká gbọ́ bó ṣe dún: "Àìráyè ni kò jẹ́ kí ìléso ìwádìí àwọn dókítà akọ́ṣẹ́-abẹ pọ̀."