Dítẹ́kítọ̀ wo ló lè ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ pupa wa yìí?

Ọmọ Àtàn: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Òrùka ìgbéyàwó ìyá wa bọ́ sí oko ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń hú u. Mo ra dítẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ariwo sọ pé irin wà lábẹ́ ilẹ̀, nítorí rẹ̀. Bí mo ṣe gbé e sórí ilẹ̀, igbe ló fi ta, kò sì dákẹ́ mọ́. Ihò mẹ́rìnlá ni mo gbẹ́. Yangí ni gbogbo rẹ̀. Ta ló ti rí èyí tó gbọ́ràn?

Rẹ́mọ Pàtàkì: Mẹ́rìnlá! Ẹ kúkú gbin ẹ̀gẹ́ mìíràn sínú ẹ̀.

Bọ̀dá Wáyà: Ẹ̀rọ yín kò ya wèrè o. Irin ló wà nínú ilẹ̀ yẹn, òun náà ló sọ ọ́ di pupa. Yangí gan-an, irin tó ti dípẹtà tó gan pọ̀ ni. Irú èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò ní ground balance, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ má ka irin inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sí, mo ta á fún ọmọ kan láìṣàlàyé, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Èkejì ní in. Ẹ wá ibi tí kò sí nǹkan kan, ẹ máa gbé orí rẹ̀ sókè sódò lórí ilẹ̀, ẹ máa yí bọ́tìnì rẹ̀ títí ariwo ilẹ̀ yóò fi rọ̀. Tí àwọ̀ ilẹ̀ bá yí padà níwájú, ẹ tún un ṣe. Ẹ sì dín sensitivity, bí etí rẹ̀ ṣe mú tó, kù. Àwọn kan ń yí i dé òpin bí ẹni ń yí rédíò.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó: Pulse induction ni kó rà, irú dítẹ́kítọ̀ mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìdákúrekú, ilẹ̀ pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.

Bọ̀dá Wáyà: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣó yàtọ̀ sí òrùka. Lóko, ó dáa. Ní ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń da ọmọrí mínírà sí láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ẹ ó gbẹ́ títí ẹ ó fi kan omi.

Ìyá Ìbejì: Ṣé dítẹ́kítọ̀ máa ń rí góòlù ṣá?

Bọ̀dá Wáyà: Ó ń rí i, mà. Ẹ má kàn sọ fún un pé kó má dá bébà sìgá lóhùn, torí ohùn òrùka kékeré àti ti bébà dídán yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra.

Wọ́tásáìdì Bọ̀ìsì: Ẹ wá sọ́dọ̀ wa létí òkun. Iyanrìn gbígbẹ kò ní wàhálà. Ibi tí omi òkun ti rin ín ló ń ké bí ọmọ ọwọ́, iyọ̀ ló fà á. Èyí tó ń lo frequency púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló gbà mí sílẹ̀.

Àdìó Ìperu: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Wọ́n ní bàbá wa àgbà rì ṣílè mọ́ ẹ̀yìn ilé. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo bẹ̀rẹ̀ tí aládùúgbò ti yí mi ká: "Kí lò ń rì síbẹ̀?" Mo ní mo ń wú ni, n kò rì nǹkan kan. Wọn kò gbà. Ọkùnrin kan ti ń pariwo owó ògùn. Ohun tí mo rí kò ju ónínì onihò méjì, tọ́rọ́ kan, àti ìdàrọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́.

Ìyá Ìbejì: 😂 Ẹ̀rọ gbọọrọ lọ́wọ́, báàgì lẹ́yìn. Èmi náà ì bá sá.

Rẹ́mọ Pàtàkì: Ìjẹ̀bú wo ló máa rì owó tó máa gbàgbé ibẹ̀? Bàbá yín ti wú u tipẹ́.

Àdìó Ìperu: Ta ní pè wá ní Ìjẹ̀bú? Ìperu, Rẹ́mọ ni.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé dítẹ́kítọ̀ lọ sí Erédò Sùngbọ́, odi àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, o. Ohun àjogúnbá ni, òfin ní kí èèyàn gbàṣẹ kó tó wú ohun àtijọ́.

Rẹ́mọ Pàtàkì: Odi tó ju 160 kìlómítà lọ, ta ló máa ṣọ́ ọ?

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó: Àwọn ará Òkè-Ẹ̀rì. Lọ dán an wò.

Ọmọ Àtàn: Tèmi kò ní bọ́tìnì ground balance kankan. Bọ̀dá Wáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyín yá mi lọ́jọ́ Sátidé.

Bọ̀dá Wáyà: Mo ń bọ̀ wá fúnra mi. Ẹ ní kí ìyá se ìkọ́kọrẹ́ dè mí.