Ta ló ti dé oko àjàrà Stellenbosch àti Franschhoek? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àṣàkẹ́ Joburg: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọkọ mi fẹ́ ká lọ sí àgbègbè ọlọ́tí wáìnì lẹ́yìn Cape Town nígbà ọdún Àjíǹde. Níbo lẹ sùn? Ilé àtijọ́ ni mo fẹ́, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì onígíláàsì bíi ti Sandton.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ lọ. Ó dùn.

Bọ́dá Wálé: Ẹ sùn sí Oude Werf, ní àárín Stellenbosch gan-an. Láti 1802 ni wọ́n ti ń gba èrò síbẹ̀, orí ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ìlú náà tó jóná ní 1710 ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi máa rìn káàkiri, lábẹ́ igi óákù, omi ń ṣàn nínú gọ́tà létí títì. Kẹ́ ẹ tọ́ wáìnì pupa tí wọ́n ń pè ní Pinotage wò. Ìlú yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Perold ti mú irú àjàrà méjì ṣe irú tuntun ní 1925, tó fi di Pinotage.

Tọ́lá: Pinotage tó ń rùn bíi táyà tó jóná? Àṣàkẹ́, má gbọ́ tiwọn.

Bọ́dá Wálé: Tọ́lá, níbo lo ti mu ún? Èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí kọ́ là ń sọ.

Tọ́lá: Orí oko ni mo ti mu ún, ẹ̀gbọ́n. Ahọ́n mi ò purọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má wakọ̀ o! Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn. Ní Franschhoek, ọkọ̀ kékeré kan wà tó ń rìn lórí irin láti 2012, oko dé oko ló ń gbé èèyàn. Ibi tó bá wù yín lẹ ó bọ́ sí, ẹ ó sì wọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mùsùlùmí ni mí, mi ò mutí, àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo bá lọ. Omi àjàrà tí kò tíì kan ni wọ́n fún mi. Òkè tó yí àfonífojì yẹn ká, sùbúhánà-Lọ́ọ̀!

Ọmọ Ẹ̀gbá: Háà, Alhaja lọ sóko ọlọ́tí!

Ìyá Ìbejì: Ẹsẹ̀ mi ló lọ, ẹnu mi ò lọ.

Fúnmi K.: Èmi lọ, inú mi ò dùn délé. Afinimọ̀nà ń ròyìn ilé funfun olórùlé koríko, ó ní ẹwà rẹ̀ ò láfiwé. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní "àwọn òṣìṣẹ́". Òṣìṣẹ́ kẹ̀? Agogo ńlá tẹ́ ẹ máa rí lójúde ọ̀pọ̀ oko yẹn, òun ni wọ́n fi ń pe ẹrú sí iṣẹ́. Ọdún 1658 ni ọkọ̀ Hasselt kó ẹrú dé Cape, láti ìhà Pópò, ní Benin òde òní. February 1659 ni Van Riebeeck, olórí àwọn Òyìnbó Dutch tó wà ní Cape, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fún wáìnì àkọ́kọ́. Kò tó ọdún kan sí ara wọn!

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ṣé ó dá yín lójú? Madagascar àti India ni mo gbọ́ pé wọ́n ti kó wọn.

Fúnmi K.: Àwọn yẹn pọ̀ nígbà tó yá, pẹ̀lú ará Mozambique àti Indonesia. Àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ dé lọ́pọ̀, ará Angola àti ará Pópò ni.

Sọjí Cotonou: Grand-Popo ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ara mi bù máṣọ.

Bọ́dá Wálé: Fúnmi, ṣé ká má lọ mọ́ nìyẹn?

Fúnmi K.: Ẹ lọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ béèrè. Ẹ tún béèrè nípa "dop". Wáìnì ni wọ́n fi ń san lára owó iṣẹ́ àwọn tó ń ká àjàrà. Òfin ti kà á léèwọ̀ tipẹ́, síbẹ̀ àwọn ọmọ ṣì wà tí ọtí ti bà jẹ́ láti inú oyún. Ó ń dùn mí.

Baba Ẹlẹ́mu: Gbogbo eléyìí, ẹmu ìdájí ń bẹ l'Ékìtì.

Tọ́lá: Bàbá, ẹmu ìdájí yín á ti kan kílẹ̀ tó ṣú. Wáìnì ń dúró fún ọdún gbọọrọ.

Baba Ẹlẹ́mu: Ta ló fẹ́ kó dúró? A ti mu ún tán.

Tọ́lá: Àṣàkẹ́, wá ọtí Ntsiki Biyela rà. Ọmọ Zulu ni, kò tọ́ wáìnì wò rí kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì Stellenbosch. Ní 2004 ló di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ń ṣe wáìnì ní South Africa. Ó ti dá tiẹ̀ sílẹ̀ báyìí.

Àṣàkẹ́ Joburg: Ẹ ṣé gan-an ni. Kí lorúkọ ọtí rẹ̀? Ṣé a ṣì máa bá wọn tí wọ́n ń ká àjàrà?

Ìyá Ìbejì: Aslina, orúkọ ìyá àgbà rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Àjàrà ní tirẹ̀, láti January ni wọ́n ti ń ká a. Bí Àjíǹde bá bọ́ sí April, ó lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mú aṣọ òtútù dání.