Ẹ gbà mí o, kọ̀ǹpútà mi ò gbéra mọ́ lẹ́yìn update

Ọmọ Lágéré, Leeds
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ifẹ̀ ni mo wà báyìí, mo wá bá Bàbá ṣe ọjọ́ ìbí. Lálẹ́ àná ni mo ní kí n ṣe update sí Ubuntu 24.04 mi, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà. Ó dé ibi tó ti ń kọ initramfs, fáìlì tó ń bá a ṣí dísíìkì, ni iná bá lọ. Bátìrì mi ti kú tipẹ́, ojú ẹsẹ̀ ló pa. Tí mo bá tàn án báyìí, ohun tó ń kọ ni *Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)*. Orí mẹ́ta nínú thesis mi ló wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá mi ní yunifásítì ń retí wọn. Mi ò tíì fojú kan oorun.

Ọmọ Òkèsà, Dublin
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Thesis ò lọ síbì kankan. Kernel tuntun, ìyẹn ọkàn Ubuntu, ti wọlé, initramfs tirẹ̀ ni kò parí, ìdí nìyẹn tí kernel fi ń wá dísíìkì tí kò rí i. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kó o reinstall o! Ojú oorun ni mo fi tẹ "Erase disk" ní 2019. Fọ́tò ìsìnkú ìyá mi bá a lọ. Títí dòní ni mo ṣì ń bi àwọn mọ̀lẹ́bí bóyá ẹnì kan ní ẹ̀dà.

Ọmọ Ẹnuwá, Toronto
Tan ẹ̀rọ náà, bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan kí àtòkọ GRUB, ètò tó ń gbé kernel dìde, lè yọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bó o bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, iwájú `grub>` lo máa bá ara ẹ. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ báyẹn, kọ `normal`, tẹ Enter, kó o tún tẹ Esc. Ẹ̀rọ tó bá ti pẹ́, Shift ni wọ́n máa ń dì mú. Wọ "Advanced options for Ubuntu", mú kernel tó tẹ̀lé ti òkè, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ recovery mode sí. Kernel tó o ń lò kí update tó dé ṣì wà níbẹ̀, update kì í lé e jáde lọ́jọ́ kan náà.

Ọmọ Lágéré
Ó ṢÍ! Ó béèrè passphrase, mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí! Ẹ ṣé o. Màmá ń bi mí pé kí ló dé tí mò ń sunkún.

Ọmọ Ìlódè, Houston
Ọlọ́run ṣeun. Má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Da orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí flash, kó o sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ara ẹ pẹ̀lú dátà fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ká tó máa sọ̀rọ̀ àtúnṣe.

Ọmọ Lágéré
Mo ti dà á, àǹtí. Mo wá ṣe `sudo dpkg --configure -a` kí update tó há lè parí, ó ní *No space left on device*. `df -h /boot` ń sọ pé /boot, ibi tí àwọn kernel ń gbé, ti kún 100%.

Ọmọ Ìṣọ́kùn, Berlin
Ẹ̀n-hẹ́n! Ibẹ̀ gan-an ni àrùn wà. Kernel àtijọ́ ti kún /boot, bóyá iná lọ tàbí kò lọ, ì bá há lọ́jọ́ kan. Pa initrd (fáìlì initramfs ti kernel kọ̀ọ̀kan) tó dàgbà jù rẹ́, `rm`, kó o wá tún dpkg ṣe.

Ọmọ Ìlódè, Houston
Rárá o! Ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní `rm` nínú /boot. Mo ṣe é ní 2021, mo fi àmì ìràwọ̀ sí i, ó kó gbogbo ẹ̀ lọ, tó fi mọ́ kernel tí mò ń lò lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yá flash ní ilé aládùúgbò, tí mò ń fi live USB ṣe chroot, ìyẹn kí n gba inú flash wọ Ubuntu tó bàjẹ́, tí iṣẹ́ ń pè mí. `apt purge`, tó ń yọ ọ́ kúrò pátápátá, ló yẹ ẹ́, orúkọ kernel àtijọ́ ni wàá kọ síwájú ẹ̀.

Ọmọ Ìṣọ́kùn, Berlin
Àǹtí, ẹ má bínú, ìràwọ̀ ló jẹ̀bi, kì í ṣe `rm`. Bí nǹkan bá ti fọ́ sáàárín ọ̀nà báyìí, apt máa kọ̀ láti purge, á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún èyí tó fọ́ ṣe. Èyí tó fọ́ sì ń wá àyè. Kí lẹ máa wá ṣe?

Ọmọ Ìlódè, Houston
Tó o bá fọwọ́ pa á, dpkg ò mọ̀ pé ó ti kúrò. Lọ́jọ́ tó o bá ṣe `update-initramfs -u -k all`, á tún kọ ọ́ padà, /boot á tún kún. Mo ti rí i lójú ara mi.

Ọmọ Ẹnuwá, Toronto
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Àbúrò, kọ `uname -r` ná, kó o mọ èyí tó gbé ẹ dúró, má fọwọ́ kan òun. Mú initrd tó dàgbà jù, `mv` ni kó o fi gbé e lọ sílé rẹ, má pa á. Ṣe dpkg. Bó bá ti parí, kó o wá fi apt purge kernel yẹn bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà `sudo update-grub`.

Ọmọ Ìṣọ́kùn, Berlin
Mo gbà. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, lọ́jọ́ tí tèmi yan iṣẹ́ lódì, mo lóṣòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, ó san gbèsè mi pé pérépéré. Wọ mọ́tò wá sí Iléṣà, kò tó wákàtí kan, inverter wà nílé wa. Wọ́n ní Ifẹ̀ ni ojúmọ́ ti mọ́ wá, àmọ́ iná ò tíì mọ́ níbẹ̀ o.

Ọmọ Ẹnuwá, Toronto
Ẹ gbọ́ Ìjẹ̀ṣà! Ifẹ̀ ni Obòkun ti gbéra lọ bu omi òkun wá fún Odùduwà. Kernel Ifẹ̀ ni gbogbo yín ń lò títí dòní.

Ọmọ Òkèsà, Dublin
A lò ó, a sì ṣe update sí i. Àbúrò, bó o bá dé Iléṣà, jẹ iyán kó o tó tan kọ̀ǹpútà. Ìyẹ̀fun inú páálí ni mò ń rò níbí láti ọdún kẹrin, mi ò gbọ́ ohùn ọmọ odó.

Ọmọ Lágéré
Iná tún ti lọ. Mo ti `mv`, dpkg ló kù, ó sì ti pa lẹ́ẹ̀kan sí i. Jẹnẹrétọ̀ Bàbá ò ní epo, òjò sì ń rọ̀, mi ò lè jáde.

Ọmọ Ìlódè, Houston
Òjò ń rọ̀? Lórí páànù? Jọ̀ọ́, gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ọmọ Lágéré
🎤 0:47

Ọmọ Ìlódè, Houston
Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Adìẹ ta ló ń ké lẹ́yìn yẹn?

Ọmọ Lágéré
Ti Màmá ni, àǹtí. Abẹ́ fèrèsé ló sá sí.

Ọmọ Ìṣọ́kùn, Berlin
Bí iná bá dé, `df -h /boot` kó o tó ṣe ohunkóhun o.