Wọ́n kó eré ìdárayá àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì lé mi lọ́wọ́: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Sábó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Ìkòròdú níbí ni mo ti ń kọ́ni. Sáà yìí ni ọ̀gá wa ní kí n máa darí eré ìdárayá àwọn obìnrin. Àwọn ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ ò tó ogún, síbẹ̀ àwọn aláṣẹ fẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, bọ́ọ̀lù agbọ̀n, fọ́líbọ́ọ̀lù, hándíbọ́ọ̀lù àti eré sísá, kí orúkọ wa lè jáde nínú gbogbo ẹ̀ tá a bá dé NICEGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Nàìjíríà. Pápá kan ṣoṣo la ní. Àwọn ọkùnrin ló máa ń wà níbẹ̀ láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kóòṣì wọn ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yín máa wá lẹ́yìn tiwa." Ta ló máa wá sin ọmọ ọlọ́mọ dé Ìjẹ̀dẹ́ lóru? Ṣé kí n gba gbogbo eré náà ni, àbí kí n yan díẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa gba pápá láìbá ẹnikẹ́ni jà?

Kóòṣì Ẹbúté: Àǹtí, méjì ni kẹ́ ẹ mú. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ń fẹ́ ẹni mọ́kànlá. Bí ibà bá dá mẹ́ta dúró, tí ìdánwò gba mẹ́rin, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni mẹ́fà ni fọ́líbọ́ọ̀lù. Ẹ fi eré sísá kún un, ọmọ kan ṣoṣo lè sáré kó sì gba mẹ́dàlì wálé.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọ sítọ́ọ̀ o! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn obìnrin jẹ, mo ti rí i kiri. Nẹ́ẹ̀tì fọ́líbọ́ọ̀lù ọkùnrin ga ní mítà 2.43, ti obìnrin 2.24. Báwọn ọkùnrin bá ti so tiwọn, kò sẹ́ni tó ń rántí sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn ọmọ yín á wá máa fò bí ẹni tó fẹ́ já mángòrò. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n obìnrin, nọ́ńbà 6. Ti ọkùnrin, 7. Shot put (irin roboto tí wọ́n ń jù) ti obìnrin, kílò 4. Ti ọkùnrin, 7.26. Ohun tọ́mọ ò fi dánra wò nílé, kò lè bá a mu lọ́jọ́ ìdíje.

Ìyá Ìbejì: Mi ò fara mọ́ kí wọ́n yọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kúrò. Ọmọ Ìkòròdú ni Asisat Oshoala, ìgbà mẹ́fà ló sì gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó pegedé jù ní Áfíríkà. Òun làwọn ọmọ wa ń wò. Kí wọ́n máa gbá a ní márùn-ún márùn-ún ní Sátidé, ká má tíì sọ ti ìdíje. Ìyẹn ló máa fa àwọn tí ò tíì forúkọ sílẹ̀ wá.

Alhaja Ìgbógbó: Ọmọ mi, lọ rí àwọn òbí. Bàbá tó bá ní hijab ò ní jẹ́ kọ́mọ òun ṣeré, sọ fún un pé FIFA ti fọwọ́ sí i láti 2014, àjọ bọ́ọ̀lù agbọ̀n àgbáyé náà ní 2017. Nínú ààwẹ̀, iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣínu, kí omi lè tètè kan ọ̀fun wọn. Kí n má gbàgbé: ọjọ́ tí wọ́n bá kéde Orò, má fi ìdánrawò síbẹ̀. Àlejò ló máa ń gbàgbé ìyẹn.

Àgbà Pápá: Ọ̀rọ̀ pápá, ẹ má bá kóòṣì fà á lórí pápá rárá. Ẹ kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ eré ìdárayá. Ẹ dárúkọ ọjọ́, ẹ dárúkọ aago: Mọ́ńdè àti Wẹ́sídeè, aago mẹ́rin sí márùn-ún ààbọ̀. Bí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ohun tí wọ́n bá fẹnu lásán ṣèlérí, bí kóòṣì tuntun bá dé, ó tán.

Ọ̀kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Kí ọkùnrin kankan, ì báà ṣe kóòṣì, má dá pe ọmọbìnrin sí ọ́fíìsì tàbí ilé nítorí ìdánrawò. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, obìnrin àgbà gbọ́dọ̀ bá wọn sùn síbẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn náà sínú lẹ́tà, ẹ má tijú.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Kí páàdì máa wà nínú báàgì ẹgbẹ́ nígbà gbogbo. Ọmọ tí nǹkan oṣù ń yọ lẹ́nu, kó sinmi láìṣàlàyé fún ọkùnrin. Èyí tó bá ń rẹ̀ ẹ́ jù, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń pọ̀ lóṣooṣù, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Tíṣà Sábó: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń kọ lẹ́tà náà lọ́wọ́. Fọ́líbọ́ọ̀lù àti eré sísá la máa mú lọ sí ìdíje, ẹ̀yin aláṣẹ ẹ má bínú. Ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Sátidé, àwọn ọmọ fúnra wọn ni màá bi. Kóòṣì Ẹbúté, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń ta nẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ pọ́ọ́kú?