Èsì: Kí ni «dá» ń wá nínú «adáwakọ̀»?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí i yín.

Ẹ̀gbọ́n wa tó pe ọtọpáílọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tó ń darí bààlúù lójú òfuurufú, ní «adáwakọ̀» lánàá, ẹ má bínú, n kò gbà. Wọ́n ní ó bá «adáhunṣe» mu. Àbí? Adáhunṣe mọ ewé, ó mọ egbò, kì í wojú ẹnikẹ́ni kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ yìí ńkọ́? Páílọ́ọ̀tì ló ń sọ bí yóò ṣe fò ga tó àti ibi tí yóò kọjú sí fún un. Bí iye eré bá dàrú mọ́ ọn lójú, á jáwọ́, á ní kí ọlọ́kọ̀ gba ọkọ̀ rẹ̀.

Bó ṣe jáwọ́ nínú bààlúù Air France 447 nìyẹn, lọ́jọ́ 1, oṣù kẹfà, 2009. Yìnyín dí ọ̀pá tó ń wọn eré. Páílọ́ọ̀tì tó gba ọkọ̀ ń fa imú bààlúù sókè títí afẹ́fẹ́ ò fi lè gbé ìyẹ́ rẹ̀ mọ́. Èèyàn 228 ló bá òkun lọ. Ọmọ àbúrò mi tó kọ́ṣẹ́ páílọ́ọ̀tì ní Zaria fi ọwọ́ ṣe é fún mi níbi ìkómọ kan ní Kubwa: ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, orí ìka kọjú sókè, ọwọ́ sì ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. «Bàbá, imú ló yẹ kó kọ́kọ́ wálẹ̀.» Ó ní ọwọ́ tó bá pẹ́ láìṣe é á gbàgbé. Ní 2013, FAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sáwọn iléeṣẹ́ bààlúù pé kí páílọ́ọ̀tì máa fọwọ́ ara wọn wa ọkọ̀ níbi tó bá yẹ.

«Abániwakọ̀» ni tèmi. Ẹni tó ní ká gé e sí «abáwakọ̀», ta ló ń bá? Abánikẹ́dùn, abánigbélé, abánidíje: ẹ má yọ «ni» o! «Ni» yẹn lèèyàn tó jókòó síbẹ̀. Ìyá mi àgbà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ta aṣọ ní Sábó Zaria, kì í jẹ́ ká sọ pé «mo dá a ṣe». Á ní, «Ta ló bá ọ gbé e?»



Lọ́jọ́ tí ọmọ àbúrò mi kọ́kọ́ gbé bààlúù kékeré sókè ní Zaria, tí olùkọ́ rẹ̀ dúró sílẹ̀, òun gan-an ni adáwakọ̀.