Táńkì WC tó sán, ìdérí tó fọ́: èwo ni gọ́ọ̀mù lè mú?

AyálégbéTákìẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìdérí táńkì WC fọ́ sí mẹ́ta, gbogbo àfọ́kù rẹ̀ wà nílẹ̀. Táńkì fúnra rẹ̀ sán lẹ́bàá ihò bóòtù nísàlẹ̀, omi ń kán níbẹ̀. Etí básìn ìfọwọ́ náà gé díẹ̀, kò ju èékánná lọ. Àwọn ọlọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́ kì í fẹ́ ta ìdérí nìkan, odindi WC ni wọ́n ń tà. Ṣé súpà gúlù ni kí n lò, àbí Araldite, àbí sìlìkóònù?

Púlọ́ńbàSábó:
Ẹ má fi gọ́ọ̀mù tan ara yín jẹ lórí táńkì yẹn. Lítà omi kan, kílò kan ni. Táńkì tó ń gba lítà 9, omi kílò 9 ló wà nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó ń ti ibi tó sán, bóòtù sì tún ń fà á. Ibẹ̀ gan-an ló sábà máa ń sán, torí àwọn kan máa ń fún bóòtù jù, tàbí kí wọ́n má fi wáṣà onírọ́bà sáàárín irin àti tánganran. Bó bá là lóru, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á máa ṣí omi wọlé ṣáá, táńkì òkè á sì gbẹ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ ti kọ́ọ̀kì ara ògiri pa lónìí, kí ẹ máa fi garawa da omi sínú àwo WC títí ẹ ó fi pààrọ̀ táńkì náà.

Ìdérí ní tiẹ̀ ṣeé lẹ̀, torí kò gbé ẹrù kankan. Súpà gúlù kọ́ o: á ti gan kí ẹ tó tò ó tán, ọ̀rinrin balùwẹ̀ ò sì ní jẹ́ kó pẹ́. Araldite onítúúbù méjì ni, irú èyí tó ń pẹ́ gan, kì í ṣe oníṣẹ́jú 5. Ẹ fi ọṣẹ fọ àwọn àfọ́kù, ẹ sá wọn sóòrùn títí wọn ó fi gbẹ táútáú, ẹ fi spírítì nu ojú wọn. Ẹ má fi sáńpépà ha ojú ibi tó fọ́, wọn ò ní bára wọn mu mọ́. Ẹ kọ́kọ́ tò ó láìsí gọ́ọ̀mù kí ẹ mọ èyí tó ń ṣáájú, torí bí méjì bá ti gan, ẹ̀kẹta lè má ráyè wọlé.

Ẹ tẹ gọ́ọ̀mù jáde ní gígùn kan náà látinú túúbù méjèèjì, ẹ pò ó dáadáa. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í, ẹ tẹ́ ẹ lórí ọ̀rá, ẹ fi spírítì nu èyí tó bá yọ kó tó gan. Wákàtí 24, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Oníṣẹ́Ọ̀yọ́:
Òótọ́ ni Púlọ́ńbà sọ. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí ẹ fún abẹ́ ìdérí náà lágbára. Ẹ ra fáíbà tó jẹ́ híhun bí aṣọ, irú èyí tí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe ń lò. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 80 ha abẹ́ ìdérí títí dídán rẹ̀ á fi pa, ẹ tẹ́ fáíbà kọjá ojú ibi tó fọ́ ní ìwọ̀n ìka méjì lọ́tùn-ún lósì, ẹ fi Araldite rin ín. Kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, gọ́ọ̀mù yìí máa ń mú kí ara yún.

Etí básìn: Araldite náà ni, ẹ po ẹ̀tù àwọ̀ funfun (pigment tí wọ́n ń fi sí ọ̀dà) díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó yọ díẹ̀, kí ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 400 olómi dán an lọ́jọ́ kejì. Sìlìkóònù wà fún àárín básìn àti ògiri nìkan. Àmọ́ bí básìn bá sán lábẹ́, tó sì jẹ́ pé ara ògiri ló so mọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá fara tì í lè já a lulẹ̀, tánganran tó fọ́ sì mú bí abẹ.

AyálégbéTákìẹ́:
Ẹ ṣé gan-an. Táńkì nìkan wá ńkọ́, ṣé mo lè rí i rà?

Púlọ́ńbàSábó:
Ẹ wò ó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta WC tòkunbọ̀. Ẹ gbé páálí sí abẹ́ táńkì àtijọ́, ẹ fi bírò ya ihò bóòtù méjèèjì àti ihò ńlá àárín, kí ẹ gbé páálí náà dání lọ sọ́jà. Bí ihò ò bá bára mu, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.